Ìgbálẹ̀ Ìyá Tòlú: Ogójì Ọdún Tí Mo Fi Ṣọ́ Abẹ̀bẹ̀ Ọkọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ìjọ wa ní Ṣómólú pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo máa ń sọ pé ilé iṣẹ́ tó ń wọn ilẹ̀ abẹ́ omi ni mo bá ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ìyàwó mi, Folúkẹ́, ló mọ bí a ṣe ń sọ ọ́. Yóò ní, “Abẹ̀bẹ̀ ló ń ṣọ́.” Ẹni tó bèèrè yóò wo ojú mi, yóò wo ojú rẹ̀, yóò rò pé àwa méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà wa. Folúkẹ́ yóò wá jókòó, yóò ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èmi yóò sì máa mi orí.

Ó kú ní ọdún tó kọjá. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń ṣàlàyé fúnra mi, n kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ máa ń wá bi mí bóyá iṣẹ́ orí omi dára fún èèyàn láti gbà. Folúkẹ́ ti sọ fún mi tipẹ́ pé kí n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ kí n lè sinmi. Mo pẹ́ kí n tó ṣe é, ṣùgbọ́n òun nìyí.

Abẹ̀bẹ̀ tí mò ń sọ ni ohun eléwé mẹ́ta tó wà ní ìdí ọkọ̀, tó ń yí nínú omi, tó ń ti ọkọ̀ síwájú. Pùròpẹ́là ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò pè é bẹ́ẹ̀ rí, èmi náà kò sì lè pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Nínú omi jíjìn, abẹ̀bẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Inú omi tí kò ju orúnkún lọ ni nǹkan ti ń bá a: kùkùté igi, àwọ̀n tó ti ya, taya, ìgò, ọ̀rá omi mímu, àti irun àtọwọ́dá tí àwọn onídìrí ń gbá dà nù. Ẹni tó bá mọ etí omi Bàrígà mọ ohun tí mò ń wí.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, ó ń ránṣọ ní Bájùláyé, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó fẹ́ kí n jókòó sí ọ́fíìsì. Mo parí ìwé mẹ́wàá, mo sì ń retí ọ́fíìsì náà, nígbà tí mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí etí omi Bàrígà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọkùnrin kan tú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ sílẹ̀ sórí ẹní. Ó to gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ létòlétò, kò sí èyí tó fara kan èkejì, gbogbo rẹ̀ mọ́ bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Ọkùnrin náà ni Ọ̀gá Múfútàù, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Oníṣòwò aṣọ ni gbogbo ìdílé rẹ̀, òun nìkan ló yan ẹ́ńjìnì. Nígbà tí mo padà lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ṣé o kàwé?”

“Mo parí ìwé mẹ́wàá, sà.”

“Ó dáa. Bọ́ bàtà ẹ.”

Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Akọ̀wé. Fún oṣù mẹ́ta, n kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì kankan. Inú omi ni mo wà, mò ń fi ẹsẹ̀ ka ilẹ̀. Ọ̀gá Múfútàù gbà pé ẹni tí kò mọ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ omi kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ sórí rẹ̀. Òun á jókòó sórí pákó létí omi, èmi á máa rìn lọ.

“Kí lo tẹ̀?”

“Ẹrẹ̀ ni, sà.”

“Irú ẹrẹ̀ wo?”

“Ẹrẹ̀ tó rọ̀, sà.”

“Akọ̀wé, ẹrẹ̀ wo ni kì í rọ̀? Padà síbẹ̀.”

Mo padà síbẹ̀ títí mo fi mọ̀ ọ́n. Ẹrẹ̀ tó ní ìyẹ̀fun igi nínú, tó ń ti ilé ìlagi wá, máa ń wú bí búrẹ́dì lábẹ́ ẹsẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹrẹ̀ tó ní ìkarahun máa ń dún kẹ̀kẹ̀. Ó ń jẹ etí abẹ̀bẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó burú jù ni ibi tí àwọn apẹja ti ri igi mọ́lẹ̀ kí ẹja lè máa sá síbẹ̀. Igi náà á jẹrà lókè, ojú kò ní í rí i mọ́, kùkùté rẹ̀ á sì wà nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀gá mi mọ gbogbo wọn. Ó lè dúró lójú omi tó dúdú bí àdín kó sọ pé, “Igi kan wà níwájú ẹ níbẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ bàtà méjì,” kó sì rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ilẹ̀ ló wá kọ́ mi ní pín. Lára ẹ́ńjìnì kékeré ìgbà náà, pín kan ṣoṣo ló so abẹ̀bẹ̀ mọ́ ọ̀pá tó ń yí i. Kò tóbi ju igi ìṣáná lọ. Idẹ ni, nítorí idẹ rọ̀. Bí abẹ̀bẹ̀ bá gbá kùkùté, pín á dá, abẹ̀bẹ̀ á dúró lójú ẹsẹ̀, kò sì ní í sí ohun mìíràn tó bàjẹ́. Ẹ ó kàn fi pín tuntun sí i. Ọ̀gá Múfútàù ń kó pín tirẹ̀ sínú agolo mílíìkì, agolo náà kò sì gbọ́dọ̀ ṣófo. Bí ọkọ̀ bá dákú lójú omi tí a tù ú padà, kì í kí wa káàbọ̀. Ìbéèrè kan ló máa ń bi wá.

“Kí ló kú?”

Bí a bá ní, “Pín ni, sà,” á bú wa díẹ̀, á ju pín mìíràn sí wa. Bí a bá dárúkọ jíà, tàbí ọ̀pá, tàbí abẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú ìbéèrè yẹn. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ kú. Tìrẹ ni láti yan èyí tí yóò kú ṣáájú kí ọkọ̀ tó kúrò létí omi.

Ní ọdún kẹta mi, ó kù díẹ̀ kí n gba òmìnira, ọkọ̀ kan sì wà lábẹ́ àbójútó mi tó ń gbé èèyàn àti ẹrù gba ẹ̀gbẹ́ etí omi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, pín rẹ̀ dá lẹ́ẹ̀mejì. Agolo ti ṣófo. Èmi ló yẹ kí n gé idẹ síbẹ̀ lálẹ́ àná, n kò gé e. Àwọn èrò ọkọ̀ ń kùn. Mo rí ìṣó kan tí wọ́n fi ń kan ògiri kọ́ńkéré, mo gé orí rẹ̀, mo kì í bọ ibẹ̀. Ó wọlé bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Mo sọ fún ara mi pé tó bá di ìrọ̀lẹ́ n ó yọ ọ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ kò tíì kú. Lọ́jọ́ kejì, kò kú. Lọ́jọ́ kẹta, inú mi ti ń dùn sí i. Ọ̀gá mi pàápàá kíyè sí i.

“Akọ̀wé, ọkọ̀ ẹ kì í kú mọ́. Ṣé o ti wá ń fojú rí abẹ́ omi ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá ní kí n fi ìka tọ́ka sí àṣìṣe mi, kì í ṣe ìṣó náà, ẹ̀rín yẹn ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọkọ̀ gúnlẹ̀ sórí ẹrẹ̀. Ọ̀gá mi sọ̀ kalẹ̀ sínú omi láti bá mi tì í, omi dé orúnkún rẹ̀. Ó ní kí n rọra yí ẹ́ńjìnì. Mo rọra yí i. Abẹ̀bẹ̀ gbá kùkùté kan tí inú igi tó le nìkan ló kù. Pín idẹ ì bá ti dá níbẹ̀. Ìṣó kò dá. Abẹ̀bẹ̀ gun orí kùkùté náà, ó fi agbára ti ara rẹ̀ kúrò, ìdí ọkọ̀ sì yí lójijì sọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfútàù. N kò gbọ́ kó kígbe. Mo kàn rí i tó jókòó sínú omi, bí ẹni tó rẹ̀.

Ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ méjì ni wọ́n gé ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

“Kí ló kú?” ló bi mí.

“Kò sí nǹkan tó kú, ọ̀gá. Ìṣó ni mo fi síbẹ̀.”

Ó kúrò lára ògiri, ó kọjú sí mi.

“Ìka ẹsẹ̀ mi méjì ló kú,” ló wí.

Mo kó ẹrù mi jọ lọ́jọ́ náà. Bàbá mi bá mi lọ tọrọ àforíjì, ó sì ti ní i lọ́kàn pé inú ọ́fíìsì ni n ó parí ìrìn-àjò mi sí. Ọ̀gá Múfútàù gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá mi tán, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Nínú gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi, ta ló mọ ìwúlò pín tó o báyìí?” Ó yíjú sí mi. “Lọ gé idẹ.”

N kò ní í fi àsìkò yín ṣòfò lórí bí mo ṣe gba òmìnira, bí mo ṣe fi ìrọ̀lẹ́ kàwé gba ìwé ẹ̀rí ìwọnlẹ̀, àti bí ilé iṣẹ́ kan ní Palmgrove ṣe gbà mí láti máa bójú tó ọkọ̀ wọn. Ohun tó tóbi jù nínú ọdún wọ̀nyẹn ni pé mo fẹ́ Folúkẹ́, a sì bí Tòlú. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bájùláyé ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń di ìwé, ó ń rán an, ó ń gé etí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ ni pé, “Bùọ̀dá, ẹ̀yin lẹ̀ ń rùn bí ilé epo báyìí?” Mo ní, òun náà ń rùn bí àtè. Ó ní àtè sàn, ó ń so nǹkan pọ̀. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, ó máa ń bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú omi, ó sì máa ń gbọ́ ìdáhùn náà tán.

Iṣẹ́ wa ni láti mọ bí omi ṣe jìn tó níbi gbogbo, kí wọ́n lè yà á sórí máàpù. Níbi tó jìn, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì ń gbé ẹ̀rọ kan tó ń fi ohùn wọn ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò lè dé etí omi. Níbẹ̀, ènìyàn ni ń fẹsẹ̀ rìn, tí ń ri ọ̀pá tí a sàmì sí mọ́lẹ̀, tí ń ké iye tó rí. Ẹni tó ń rìn fún wa ni Jímọ̀, ará Ọ̀yọ́, tó ga ju gbogbo wa lọ. Nígbà tí wọ́n bá ní kó sinmi, á na ẹsẹ̀, á máa ka àpá rẹ̀ bí kọ́ndọ́kítọ̀ tó ń pe ibùdókọ̀.

“Èyí, ìgò, Bàrígà. Èyí, irin, Bàrígà náà ni. Èyí, egungun ẹja, Àgbóyìí. Èyí… èyí, ìyàwó mi ló jù mí ní ìgò.”

A ó rẹ́rìn-ín. Èmi máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kì í wo ẹsẹ̀ náà lọ títí.

Ní ọdún mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn iṣẹ́ mi, àwọn ọkọ̀ kékeré tí ènìyàn kì í wọ̀ dé. Kò gùn ju àga ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Bátìrì ló ń lò, ó ní ẹ́ńjìnì méjì lábẹ́, abẹ̀bẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ẹ ó fi kọ̀ǹpútà fi ọ̀nà hàn án, á máa lọ, á máa bọ̀, á máa wọn omi fúnra rẹ̀. Ẹnjiníà Rónkẹ́, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ló rọ ilé iṣẹ́ láti rà wọ́n. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní í wọ omi mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lọ́kàn ju bó ṣe mọ̀ lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, abẹ̀bẹ̀ mẹ́fà ti fọ́ ní Bàrígà. Ọ̀gá àgbà bínú. Ó ní bí ọkọ̀ náà kò bá parí etí omi Bàrígà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, òun á dá gbogbo wọn padà fún ẹni tó tà wọ́n, kí Jímọ̀ mú ọ̀pá rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Jímọ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Bàbá Tòlú, ẹ má sọ fún wọn o. Dókítà ní mo ní àtọ̀gbẹ.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti tó oṣù mélòó kan. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ tún ní egbò lẹ́sẹ̀ mọ́, pé bó bá kọ̀ tí kò jiná, wọn á gé e. Bí mo bá sọ fún ọ́fíìsì, iṣẹ́ lọ. Bí n kò bá sọ, ẹsẹ̀ lọ.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Kò sì sí àyè fún àpá mọ́ níbẹ̀.”

Ẹ ti mọ ohun tó wà nínú ọkàn mi báyìí nígbà tí mo fi ọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀ kékeré yẹn. Ìka ẹsẹ̀ méjì ti lọ lọ́wọ́ mi rí.

Síbẹ̀, mo ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì. Rónkẹ́ ní abẹ̀bẹ̀ náà kò lágbára tó, pé ike ni, kí a lo ti irin. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ irin kò fọ́. Ó gbá kùkùté, ó ń tiraka, a sì gbóòórùn iná.

“Kí ló kú?” mo bi í.

“Ẹ́ńjìnì ni, Bàbá. Ó ti jóná.”

Mo jókòó sórí pákó. Èmi náà ni mo tún fi ìṣó sí i, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Lẹ́yìn náà mo ní kí a fi àgò yí abẹ̀bẹ̀ ká. Jórinjórin kan ní Bàrígà bá mi fi wáyà hun ún, ojú rẹ̀ kéré bí ti àgò tí wọ́n fi ń mú eku. Ó dára lójú. A sọ ọ́ sómi, kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọ̀rá àti irun àti koríko omi fi dì mọ́ ọn bí ìbòrí. Bátìrì tán níbi tó ti ń fà. Ọkọ̀ dúró ní ọ̀ọ́kán. Kí n tó yíjú, Jímọ̀ ti bọ́ bàtà, ó ti wọ omi lọ gbé e. Ó jáde láìfarapa. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú mi funfun bí ti òyìnbó.

Mo délé, n kò lè jẹun. Folúkẹ́ ti gbé àwo kalẹ̀ níwájú mi.

“Bàbá Tòlú, ẹ ò jẹun.”

“Àgò yẹn kò ṣiṣẹ́.”

“Kí ló ṣe?”

“Ó ń kó ìdọ̀tí. Gbogbo ohun tí a ní kó má wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Àwọn náà ló wá pa á.”

Ó ní, “Ní ilé iṣẹ́ wa, ẹ̀rọ tó ń ká ìwé ní ìka irin níwájú, kí ìwé má bàa wọ ibi tí kò yẹ. Àwọn ìka yẹn kì í dúró ṣánṣán. Wọ́n tẹ̀ sí ibi tí ìwé ń lọ. Bí wọ́n bá dúró ṣánṣán, ìwé á wé mọ́ wọn.”

“Omi kì í ṣe ìwé.”

“Mo mọ̀. Ẹ dìde.”

Ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé. Ó bu omi sínú ọpọ́n ńlá, ó da etí ìwé tí wọ́n gé dà nù sí i, ó da ọ̀rá sí i, ó tún fi òwú tí wọ́n fi ń rán ìwé kún un. Ó mú asẹ́ tí ó fi ń sẹ́ ògì, ó fà á gba inú omi náà. Gbogbo rẹ̀ dì mọ́ ọn. Ó gbọ̀n ọ́n nù. Ó wá mú ìgbálẹ̀ tó fi ń gbá ilé. Ó fi ìdí rẹ̀ ṣíwájú, ó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ máa tẹ̀ lé e, ó fà á gba inú omi. Ọ̀rá kan ara igi ìgbálẹ̀, ó yọ̀ lọ sẹ́yìn, ó já sílẹ̀. Òwú yọ̀. Ìwé yọ̀. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà kẹta, òwú kan dúró, ó yọ ọ́, ó fi hàn mí.

“Ọ̀kan ni. Ẹ rí i? Kò di nǹkan mú, torí kò sí ohun tó dè é lẹ́yìn. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti dì í.”

“Ìyá Tòlú.”

“Ẹ kọ́kọ́ lọ jẹun.”

Mo jẹun. Ó ti tutù, mo sì jẹ gbogbo rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ra sípókù kẹ̀kẹ́. Jórinjórin náà jó wọn pọ̀ níwájú abẹ̀bẹ̀ nìkan, wọ́n sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n yí abẹ̀bẹ̀ ká bí ẹnu ìgbálẹ̀. Nísàlẹ̀, mo fi irin pẹlẹbẹ kan sí i tó gùn bí àtẹ́lẹsẹ̀, kí ọkọ̀ lè jókòó sórí ẹrẹ̀ láìjẹ́ pé abẹ̀bẹ̀ kàn án. Bàtà ni mo pè é. Mo dá abẹ̀bẹ̀ ike padà. Rónkẹ́ ò gbà.

“Bàbá, ike? Èyí tó ti fọ́ mẹ́fà?”

“Ó fọ́ torí kò sí ohun tó kú ṣáájú rẹ̀.”

Mo lu ihò sára ọ̀pá ẹ́ńjìnì méjèèjì, mo fi pín idẹ tó tín-ín-rín sí i, ọ̀kan fún ọ̀kan. Mo gé ogún pín sílẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Nígbà tí mo sọ fún Rónkẹ́ ìdí rẹ̀, mo sọ ti ìṣó náà fún un pẹ̀lú. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì rí. Ó bá mi di agolo náà mọ́ inú àpótí irinṣẹ́.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ọ̀sẹ̀ méjì náà, ọ̀gá àgbà wá sí etí omi fúnra rẹ̀. Jímọ̀ gbé ọ̀pá rẹ̀ dání, ó jókòó. Folúkẹ́ gba àyè níbi iṣẹ́, ó wá, ó wọ bàtà tó máa ń wọ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá Múfútàù, tó ti di àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn, ní òun náà á wá wo ọkọ̀ tí ènìyàn kò wọ̀. Wọ́n gbé àga fún un.

Rónkẹ́ tú ọkọ̀ sílẹ̀. Ó lọ, ó bọ̀, ó yí, ó tún lọ. Ọ̀rá ń kọjá lára ìgbálẹ̀, ó ń yọ sẹ́yìn, a ń rí i. Ó gun orí ẹrẹ̀ kan, ó fi bàtà rẹ̀ wọ́ ọ kọjá. Ó ku ọ̀nà kan ṣoṣo, èyí tó gba àárín igi àwọn apẹja. Ibẹ̀ ló ti dún kọ́, ó sì dúró.

Ọ̀gá àgbà wo aago rẹ̀. “Ó tún ti rí bẹ́ẹ̀,” ló wí.

Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀.

“Jímọ̀, má bọ́ bàtà.”

“Ta ló fẹ́ lọ gbé e, Bàbá Tòlú?”

“Má bọ́ ọ. Rónkẹ́, gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Dán ẹ́ńjìnì kejì wò.”

Rónkẹ́ fi rìmóòtù pàṣẹ fún un. Ọkọ̀ gbọ̀n. Ó yí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí akàn. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ń fà, ó ń tẹ̀ sí ọ̀tún, Rónkẹ́ ń tọ́ ọ, ó tún ń tẹ̀. Àwọn apẹja tó ń wò bú sẹ́rìn-ín. Folúkẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó bọ̀, ó dé ibi tí a ti lè dúró lórí pákó gbé e.

Orí àga ni ohùn náà ti wá.

“Akọ̀wé. Kí ló kú?”

Mo yí ọkọ̀ náà dojú dé. Ìgbálẹ̀ pé. Abẹ̀bẹ̀ pé. Mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì méjèèjì, wọ́n tutù. Mo fi ìka yí abẹ̀bẹ̀ òsì, ó yí lófo.

“Pín ni, sà.”

Ọ̀gá Múfútàù mi orí. “Ó pẹ́ kó o tó dá mi lóhùn,” ló wí, ó sì gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lé orí ọ̀tún.

Mo pààrọ̀ pín náà. Ọkọ̀ padà lọ, ó parí ọ̀nà tó kù. Ọ̀gá àgbà ní kí a ṣe irú rẹ̀ sára àwọn yòókù. Jímọ̀ gbé ọ̀pá rẹ̀ fún apẹja kan, ó ní kó fi gbá ẹran tó bá wọlé rẹ̀.

Nígbà tí Rónkẹ́ kọ ìwé ìlànà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, kí wọ́n tó sọ ọkọ̀ sómi, kí wọ́n yẹ Ìgbálẹ̀ Ìyá Tòlú wò. Ilé ìtẹ̀wé Bájùláyé ló tẹ ìwé náà. Folúkẹ́ ló rán an. Ó kà á délẹ̀ lórí tábìlì ìránwé, ó ní wọ́n ṣi orúkọ òun kọ níbì kan, ó sì rán an bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Múfútàù ti dolóògbé. Jímọ̀ fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń gbé ní Bàrígà, ó ṣì ń ka àpá rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Kò sí tuntun nínú wọn. Rónkẹ́ ti di ọ̀gá. Ó sọ fún mi pé àwọn ọkọ̀ kan ti dé báyìí tí kò ní abẹ̀bẹ̀ níta rárá, tó ń fa omi gba inú ọ̀pá, tó ń tú u sẹ́yìn. Mo lọ wò ó. Ó dára gan-an. Mo bi í pé kí ni yóò kú bí ọ̀rá bá wọ inú ọ̀pá náà. Ó ní àwọn ń ronú lé e lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè bóyá iṣẹ́ náà dára: ó dára. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ óò rùn bí ilé epo, tàbí bí bátìrì, àwọn ẹbí yín kò sì ní í mọ bí wọ́n ṣe máa ṣàlàyé yín fún àlejò. Ẹ wá ẹni tó lè bá yín ṣàlàyé rẹ̀.

Àìsàn tó mú Folúkẹ́ kò pẹ́. Ọmọ wa, Tòlú, ń gbé ní Ìbàdàn, ó ń pè mí láràárọ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, nígbà tó bá bi mí pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é, n kì í mọ ohun tí mo máa sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo sọ fún un pé mo wà bí ọkọ̀ kékeré yẹn, lọ́jọ́ tí pín rẹ̀ kan dá.

Ó mọ ìtàn náà. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un.

“Bàbá mi,” ló wí, “ẹ rọra máa bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́lẹ́gbẹ̀ẹ́.”